Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dún bákan náà létí: èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ́ wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ JSS 2 tí Yorùbá jẹ́ èdè àbínibí wọn ni mo ń bi yín nípa wọn.

“Their” àti “there”, “stationery” àti “stationary”, bákan náà ni Òyìnbó fúnra rẹ̀ ń pè wọ́n. Ìkọsílẹ̀ nìkan ni wàhálà ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà lè máà fa ìlà pupa sí i, torí pé sípẹ́lì méjèèjì ló tọ́. “E” inú “envelope” la fi ń rántí “stationery” tó jẹ́ ohun èlò ìkọ̀wé. Ìyẹn ò le.

Èyí tó le ni èyí tó jẹ́ pé ẹnu tiwa ló sọ ọ́ di ọ̀kan. “Cut”, “cot” àti “caught”, inú “ọ” ni gbogbo wọn ń kó sí. A ò ní “z”, ni “price” àti “prize” bá dọ́gba. “Ship” àti “sheep” ńkọ́? Bí ọmọ bá kàn fa “sheep” gùn, kò tó: ètè gbọ́dọ̀ fẹ̀ bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Ti “ship”, ahọ́n á rọlẹ̀ díẹ̀, ohùn á wà láàárín “i” àti “e” tiwa.

Ṣé kí wọ́n kọ́kọ́ máa gbọ́ ìyàtọ̀ yìí kí wọ́n tó pè é? Ṣé ọ̀rọ̀ méjì-méjì mẹ́rin tó fún ìṣẹ́jú 40? Mo tún fẹ́ fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ṣé wọn ò ní máa wá àmì ohùn kiri nínú Gẹ̀ẹ́sì?