Ṣé kí n fún ẹni tí n kò rí rí ní kọ́kọ́rọ́ sọ́fítíwíà mi?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, kò jẹ́ kí n sùn mọ́.

Olùkọ́ yunifásítì ni mí. Nígbà tí mo ń ṣe oyè dókítà ni mo kọ sọ́fítíwíà kékeré kan tó ń ka dátà láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ojú ọjọ́, tó ń ṣa àṣìṣe inú rẹ̀ kúrò kí èèyàn tó fi ṣe ìṣirò. Nítorí ara mi ni mo ṣe kọ ọ́. Mo fi GPL ẹ̀yà 3 lé e, ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó sì tún un ṣe, mo gbé e síta, mo bá tèmi lọ. Ó pé ọdún 7 báyìí, àwọn tí n kò mọ̀ rí ló ń lò ó jù mí lọ.

Ẹ wo bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ṣe rí. Láàárọ̀, kíláàsì méjì. Lọ́sàn-án, akẹ́kọ̀ọ́ méjì gbé orí kẹta iṣẹ́ ìwádìí wọn wá. Nírọ̀lẹ́, ìwé ìdánwò 94 wà níwájú mi, 11 péré ni mo tíì máàkì. Aago kan àbọ̀ òru, issue kan (ẹjọ́ tí àwọn tó ń lò ó máa ń kọ ránṣẹ́) wọlé: nọ́ńbà ẹnì kan ń di ìlọ́po mẹ́wàá. Mo ṣí fáìlì rẹ̀. Ibi tí àwa máa ń fi àmì ìdánudúró sí nínú nọ́ńbà, kọ́mà ni wọ́n fi síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Jámánì àti ní Faransé. 3,5 ni wọ́n kọ. Kóòdù mi rò pé kọ́mà tí wọ́n fi ń pín ẹgbẹ̀rún ni, ó yọ ọ́ dànù, ó ka 35. Kò ké, kò kìlọ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni mo tún ṣe, àyẹ̀wò mẹ́ta mìíràn sì bà jẹ́ nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo fi tò ó tán, ilẹ̀ ti mọ́.

Ìbéèrè mi gan-an nìyí. Ẹnì kan ti ń ràn mí lọ́wọ́ láti oṣù 8 sẹ́yìn. Ó ń tún ìwé àlàyé ṣe, ó ń fi sùúrù dá àwọn èèyàn lóhùn, kóòdù rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n jẹ́ kí òun náà máa gbé ẹ̀yà tuntun síta. N kò rí ojú rẹ̀ rí, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣé kí n gbà? Àbí kí n kúkú pa gbogbo rẹ̀ tì, kí n gbájú mọ́ pépà? Torí nígbà tí mo béèrè fún ìgbéga, "iṣẹ́ àfikún" ni ìgbìmọ̀ pe sọ́fítíwíà yìí.

Kòkòrò Kì Í Tán

Mà, ẹ má fún un o! Ṣé ẹ ti gbàgbé xz ni? Irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá a tọ́jú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Olùrànlọ́wọ́ kan dé, ó ń tún kóòdù ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún bí ọdún méjì, títí wọ́n fi gbé àṣẹ lé e lọ́wọ́. Òun ló wá fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú rẹ̀, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí èèyàn lè gbà wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Andres Freund, ṣàkíyèsí pé wíwọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú SSH ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ débẹ̀. Ká ní ó gbójú fò ó ńkọ́?

Àgbà Láàbù

Kòkòrò, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n o fi ìdajì ìtàn sílẹ̀. Àwọn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tún wà tó ń fín ọkùnrin tó ń dá xz tọ́jú níràn: ẹ̀yà tuntun ti pẹ́ jù, kí ló dé tí o kò gbé e fún ẹlòmíràn? Ibi tó ti rẹ èèyàn, tó sì dá wà, ni wọ́n gbà wọlé. Bí àbúrò mi yìí bá tún dá a gbé fún ọdún 7 mìíràn, ibẹ̀ náà ni yóò bá ara rẹ̀.

Àbúrò mi, kọ́kọ́rọ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Jẹ́ kó kọ́kọ́ máa to issue, kó máa ti èyí tó yẹ. Bó bá yá, kó máa yẹ kóòdù àwọn ẹlòmíràn wò, ṣùgbọ́n kí ohunkóhun má wọlé láìjẹ́ pé ẹni méjì fọwọ́ sí i, títí kan tìrẹ. Gbígbé ẹ̀yà síta ló kẹ́yìn. Kí o sì wá ẹnì kan tí o mọ̀ lójúkorojú, tí yóò tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kejì. Bí àìsàn bá dá ọ dùbúlẹ̀ lọ́la, ta ló lè wọlé?

Ní ti ìgbìmọ̀: iṣẹ́ àfikún ni nítorí wọn kò rí ibi tí wọn yóò kọ ọ́ sí. Fún wọn níbẹ̀. *Journal of Open Source Software* ti wà láti ọdún 2016, wọn kì í gba owó. Pépà kúkúrú ni wọ́n fẹ́, sọ́fítíwíà náà gan-an ni wọ́n ń yẹ̀ wò: wọn á fi sórí kọ̀ǹpútà wọn, wọn á lò ó, gbogbo àríyànjiyàn á sì wà ní gbangba. Bí yunifásítì yín bá ti fọwọ́ sí DORA, ìkéde lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa díwọ̀n iṣẹ́ ìwádìí, ẹ fi gbólóhùn tó ní kí wọ́n ka sọ́fítíwíà mọ́ èso ìwádìí mọ́ fọ́ọ̀mù yín.

Ẹlẹ́nu Mímú

Kò sẹ́ni tó fẹ́ béèrè ohun tí ẹ ń ṣe nídìí issue láago kan àbọ̀ òru? Ẹ tún GPL yẹn kà, mà. Ó sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìdánilójú kankan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "free", fún nǹkan méjì. Èdè tiwa ya ọ̀fẹ́ sọ́tọ̀, ó ya òmìnira sọ́tọ̀. Òmìnira lẹ fún wọn, wọ́n sọ yín di ọ̀fẹ́.

Knuth tó kọ TeX, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń to ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò lo ímeèlì mọ́ láti ọjọ́ kìíní ọdún 1990. Àṣìṣe inú TeX, ó máa ń kó wọn jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kó tó wò wọ́n: ó ṣe é lọ́dún 2014, ó tún di 2021.

Olùbéèrè

@Ẹlẹ́nu, Knuth ò bẹ ìgbìmọ̀ kankan fún ìgbéga lọ́dún 1990 o! Ṣùgbọ́n mo gbọ́. Mo ti pa aago issue lórí fóònù mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ojú ń tì mí láti sọ èyí: irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi, n kò dárúkọ ọ̀kankan nínú ìtọ́kasí. Kì í ṣe àìmoore, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni. Bí fáìlì CITATION.cff, tó ń sọ bí a ṣe ń tọ́ka sí sọ́fítíwíà, bá wà nínú rẹ̀, GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, á fi bọ́tìnì síbẹ̀ tí a kàn máa tẹ̀. Zenodo, ìkànnì tí wọ́n ń tọ́jú èso ìwádìí sí, náà á fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní DOI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a lè fi tọ́ka sí i.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ wo README mi, ìwé àlàyé tó wà níwájú kóòdù, lálẹ́ àná. Ọdún 7, n kò kọ ìlà kan tó sọ bí èèyàn ṣe lè tọ́ka sí i. Mo wá àwọn pépà tó lò ó: mo rí 23, mẹ́fà péré ló fi í sínú ìtọ́kasí. Mo ti ń bínú sí ìgbìmọ̀ láti ọjọ́ yìí, èmi gan-an ni n kò fi orúkọ sára ọmọ mi.

Mo tún kọ̀wé sí olùrànlọ́wọ́ náà, mo bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ àṣẹ yẹn gan-an. Ó ní àtúnṣe kan tí òun nílò ti wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mi ò gbé e síta, òun kò sì fẹ́ máa yọ mí lẹ́nu. Mo ti fún un ní àṣẹ issue. Kóòdù, ó di ẹ̀yìn ìdánwò. Ìwé ìdánwò ku 61.

Kòkòrò Kì Í Tán

Issue nìkan o, mà. Mo ń wò yín.