Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ làpálàpá yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo wà. Làpálàpá mú ọmọ mi lórí, roboto bí ẹnu ife, etí làpálàpá náà pọ́n, ó ń bó funfun. Ìpara tí mo rà lọ́jà mú kó dẹ̀ lójú, àṣé ó ń ràn sí i ni! Nọ́ọ̀sì ní sítẹ́rọ́ìdì ló wà nínú rẹ̀, ó ń so ọmọ ogun ara lọ́wọ́.

Mo wá kà nípa sẹ́ẹ̀lì Treg, tí Sakaguchi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan, ṣàlàyé lọ́dún 1995, tó ń kó ọmọ ogun ara níjàánu. Bó bá pọ̀ jù, ṣé kòkòrò làpálàpá á ráyè ni? Síbẹ̀, wọ́n ní nínú eku, Treg tún ń ran ara lọ́wọ́ láti bá Candida, kòkòrò mìíràn tó jẹ́ ẹ̀yà olú bíi ti làpálàpá, jà. Báwo ni méjèèjì ṣe jẹ́ òótọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi.