Kí ni kí a máa pe àwo bàbà ọlọ́nà ilẹ̀ Ṣáínà?

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n kọ̀wé ṣáájú dábàá pé "tánganran Ṣáínà" ni kí a máa pe àwọn ife, abọ́ àti ìgò aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ṣe ní Guangzhou àti ní ààfin Beijing láyé àwọn ọba Qing, nítorí pé wọ́n ń dán bí àwo tánganran. Mo dúpẹ́ fún ìrònú náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn.

Bàbà ni ara àwo wọ̀nyí, kì í ṣe amọ̀. Níbi tí etí ọ̀kan nínú wọn bá ti bó, pípọ́n bàbà ni yóò hàn lábẹ́ funfun. Àwọn oníṣẹ́ a kọ́kọ́ lu bàbà di abọ́, wọn a wá fi dígí funfun tí wọ́n lọ̀ kúnná bo tinú tòde rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá bo ojú kan ṣoṣo, dígí náà lè sán nígbà tí bàbà bá ń tutù tí ó sì ń sún kì. Iná ni yóò yọ́ dígí náà mọ́ bàbà. Orí funfun yìí ni ayàwòrán yóò ti fi búrọ́ọ̀ṣì kun òdòdó, ẹyẹ àti ènìyàn, kí wọ́n tó tún un sun. Àwọ̀ píǹkì tí ó gbayì jù lára wọn, wúrà ni wọ́n fi ń ṣe é.

Nítorí náà, mo dábàá "àyọ́bò", èyíinì ni dígí tí a yọ́ bo nǹkan. Èyí tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn yóò jẹ́ "àyọ́bò àkùnṣọnà". Èyí tí wọ́n ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ pààlà sí lára kí wọ́n tó fi dígí kún àárín àwọn wáyà náà, tí àwọn ará Ṣáínà fi orúkọ ìgbà ọba Jingtai (1450–1457) pè, yóò jẹ́ "àyọ́bò oníwáyà". Ó yẹ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀, torí oníwáyà ti wà láyé àwọn ọba Ming tí wọ́n jẹ ṣáájú àwọn ti Qing, ṣùgbọ́n láti Yúróòpù ni ọgbọ́n àkùnṣọnà ti wọlé nígbà ọba Kangxi (1662–1722). Iṣẹ́ náà wu ọba yìí débi pé ó ní kí Matteo Ripa àti Giuseppe Castiglione, àwọn míṣọ́nnárì ará Ítálì, máa kùn ún. Àwọn yẹn mọ̀ọ́mọ̀ kùn ún láìdára kí ọba lè fi wọ́n sílẹ̀. Ní 1719 ni Jean-Baptiste Gravereau, ará Faransé tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, dé ààfin.

Òótọ́ ni pé àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn pe èyí tí wọ́n ń ṣe ní Guangzhou ní "yangci", tánganran òkèèrè. Ṣùgbọ́n ní ààfin, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ń kùn sára bàbà, sára dígí, sára ìkòkò tíì alámọ̀ ti ìlú Yixing, àti sára ojúlówó tánganran tí wọ́n gbé wá láti Jingdezhen, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe tánganran. Bí a bá ti fún ti bàbà ní orúkọ tánganran, kí ni a ó wá pe tánganran gan-an?

Ẹlòmíràn ní kí a pe ọnà àdán tí ó wà lára wọn ní ọnà ẹyẹ, torí pé àdán máa ń mú ọkàn àwọn ènìyàn wa lọ sọ́dọ̀ àjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ìró "fú" tí ó wà nínú orúkọ àdán ní èdè Ṣáínà ni ìró ọ̀rọ̀ wọn fún ìbùkún. Ìdí nìyẹn tí àdán márùn-ún fi dúró fún ìbùkún márùn-ún. Bí a bá sọ ọ́ di ẹyẹ, ìtumọ̀ ti dànù. Àwa náà mọ irú ọgbọ́n yìí: owó ẹyọ mẹ́fà nínú àrokò ń sọ pé ọkàn ẹni fà sí ẹlòmíràn, mẹ́jọ sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ wọn jọra. "Ọnà àrokò" ni mo fara mọ́ fún irú wọn. Èso písì (peach) tí wọ́n tún ń yà kò sí nínú rẹ̀, torí ìtàn ni ó sọ ọ́ di àmì ẹ̀mí gígùn, kì í ṣe ìró orúkọ rẹ̀.

Ó ku òdòdó inú omi (lotus) tí wọ́n ń yà káàkiri ara abọ́ náà. Ẹni kan ti pè é ní òṣíbàtà. Ewé òṣíbàtà a máa tẹ́ sójú omi, ṣùgbọ́n ewé àti òdòdó ti Ṣáínà yìí a máa yọ sókè kúrò lójú omi. "Òṣíbàtà Ṣáínà" ni n bá kọ, kí òǹkàwé má baà rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.