Owó wúrà sovereign mẹ́ta: ṣé èyí tó ń dán jù ló dára jù?

Àbúrò_Peckham
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Sovereign mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi: Victoria 1887, Edward VII 1907 àti George V 1912. Ti 1907 ń dán yanran. Ti 1912 ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì ní àmì pupa kékeré kan. Ti 1887 rí págunpàgun létí, lókè orí ayaba. Alágbẹ̀dẹ wúrà ní iye wúrà inú wọn nìkan lòun máa san, ó ní èyí tó ń dán yẹn ló dára jù. Báwo ni mo ṣe máa mọ ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà? Ṣé kí n fọ ti 1912?

Awòfín
Má fọ nǹkan kan. Èyí tó ń dán yanran yẹn gan-an ni mo fura sí.

Pa iná yàrá, tan àtùpà kan ṣoṣo. Tẹ́ aṣọ rírọ̀ sílẹ̀, di owó náà mú létí, kí o máa dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ dídán tó bá a wáyé ni, wàá rí ìlà ìmọ́lẹ̀ méjì tó ń yí lójú rẹ̀ bí igi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí gbogbo ojú rẹ̀ bá dán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí nǹkan kan ò yí, wọ́n ti nù ún. Gbé dígí tó ń mú nǹkan tóbi nílọ̀ọ́po mẹ́wàá: bí o bá rí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí gbogbo wọn kọjú sọ́nà kan, aṣọ tàbí búrọ́ọ̀ṣì ló fà á. Ọgbẹ́ tí owó fi ń kan ara wọn nínú àpò kì í ní ètò, ó máa ń fọ́n káàkiri ni.

Ní ti ìlò, ibi tó yọ síta jù ló ń kọ́kọ́ jẹ. Lójú tí ẹlẹ́ṣin wà, wo ìyẹ́ orí akoto George Mímọ́ (ẹlẹ́ṣin náà), itan rẹ̀ àti igẹ̀ ẹṣin. Lójú kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Victoria àti irun òkè etí rẹ̀. Ti Edward àti George, irunmú àti irùngbọ̀n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọn ò rí ìyẹ́ akoto, wọ́n á ní ìlò ló jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé irin tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ló ti gbó, tàbí kò tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, kí ìyẹ́ náà má tilẹ̀ jáde rí. Àwọ̀ ni kí o fi dájọ́. Níbi tí ìlò jẹ, dídán máa ń gé, ibẹ̀ á sì ṣú. Níbi tí irin ò tẹ̀ dáadáa, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń yí kọjá lórí rẹ̀ bíi ti ibi yòókù.

Bí dídán ò bá gé níbì kankan, MS ni (ìlò ò tíì jẹ ẹ́ rárá), 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Sheldon, èyí tí wọ́n fi ń dá ipò owó lójú láti 1 dé 70. Bó bá gé lórí ìyẹ́ àti itan nìkan, AU ni (ìlò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án díẹ̀), 50 sí 58. EF (ìlò jẹ ẹ́ díẹ̀ sí i) jẹ́ 40 sí 45, VF (ìlò jẹ ẹ́ ju ìyẹn lọ) 20 sí 35. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ EF fún ọ, bi í pé ti ibo: EF àwọn oníṣòwò Ìlú Ọba le ju ti Amẹ́ríkà lọ, ó sún mọ́ AU.

Ìyá_Òṣùwọ̀n
Ẹ kú iṣẹ́, Awòfín, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú ojú. Wá òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù 0.01. Sovereign tuntun jẹ́ gíráàmù 7.99 tó dín díẹ̀, ó fẹ̀ ní mìlímítà 22.05. Èyí tó bá kéré sí nǹkan bíi 7.94, òfin ayé ìgbà yẹn ò gbà á ní ọjà mọ́.

Lẹ́yìn náà, gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, dá a padà sí òdo. Fi òwú so owó náà, rì í bọ omi, má jẹ̀ẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ ife. Òṣùwọ̀n yẹ kó ka 0.45, 0.44 tàbí 0.46 ò burú. Idẹ tó wọn bákan náà á ka bíi 0.94.

Àmọ́ ayédèrú tí wọ́n fi wúrà gidi ṣe wà, pàápàá èyí tó ti Beirut wá. Ìyẹn á yege nínú omi. Lẹ́tà ló máa ń tú u fó: etí wọn kì í mú, ilẹ̀ ojú owó á ní kókó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Atọ́jà
Wo ìlà ilẹ̀ tí ẹṣin dúró lé, láàárín, lókè ọdún, bóyá lẹ́tà kékeré tó ń sọ ibi tí wọ́n ti tẹ owó náà wà níbẹ̀. S ni Sydney, M ni Melbourne, P ni Perth. Bí kò bá sí lẹ́tà, London ni. 1907 àti 1912 wọ́pọ̀, má wulẹ̀ san owó PCGS tàbí NGC (àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń dá ipò owó lójú) lórí wọn àfi bí wọ́n bá mọ́ gan-an. Ti 1887, ṣé adé kékeré wà lórí ayaba? Bí kò bá sí, orí ìgbà èwe rẹ̀ ni, iye rẹ̀ lè yàtọ̀.

Àbúrò_Peckham
Ẹ ṣé gan-an ni. Adé wà, kò sí lẹ́tà. 1887: 8.03. 1907: 7.95. 1912: 7.98. Nínú omi, 1907 àti 1912 ka 0.45.

Ìyá_Òṣùwọ̀n
8.03 ju ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ. Wọ́n ti jó òrùka mọ́ ọn rí láti fi kọ́ ọrùn, díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n fi jó o ló ṣẹ́ kù síbi págunpàgun yẹn. Wo etí rẹ̀ níbẹ̀, àwọn gígé wẹ́rẹ́ á ti dí. Iye wúrà inú rẹ̀ ni kí o tà á.

Awòfín
1907 ti sọ nǹkan bíi gíráàmù 0.04 nù, ó sì tún ń dán yanran. Méjèèjì ò lè bá ara wọn lọ: ìlò jẹ ẹ́, ẹnì kan sì wá dán an lẹ́yìn náà. Àwọn PCGS ò ní fún un ní nọ́ńbà, "Details" ni wọ́n á kọ sí i, ìyẹn ni pé ó ní àbùkù. Ti 1912 ni kí o gbé kalẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú ìdá 24, 22 ni wúrà, bàbà ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Àmì pupa yẹn, bàbà tí kò pò dáadáa ni, má ha á. Bí ọ̀rá ọwọ́ bá wà lójú rẹ̀, rì í sínú asitónì gidi (omi kẹ́míkà tó ń yọ ọ̀rá) fún ìṣẹ́jú díẹ̀, jìnnà síná, fèrèsé ní ṣíṣí, má fi nǹkan kan nù ún. Ya àwòrán ìyẹ́ akoto náà lábẹ́ àtùpà yẹn, kí o gbé e síbí.