Ìdáhùn: kí ni -kú- ń wá nínú "ìbalẹ̀kúbalẹ̀"?

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó.

Mo ti ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn kọ, mo sì tún un kà. Fún àwọn tí kò rí i: ìròyìn kan ni wọ́n túmọ̀ fún wa, nípa ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́, tó ń fi ọwọ́ nìkan wa bàálù kékeré. Bàálù náà ta sókè nígbà tó ń balẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kán, ọkùnrin náà jáde láàyè. Ẹ̀gbọ́n pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní "ìbalẹ̀kúbalẹ̀", wọ́n pe ọkùnrin náà ní "awakọ̀ aláàbọ̀ ara", wọ́n sì ní kí a kọ méjèèjì sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tí ẹnì kan bi wọ́n pé kí ni -kú- ń ṣe láàárín, òwe ni wọ́n fi dá a lóhùn: "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní ìsàlẹ̀ ló ti wọ́ wá."

Òwe yẹn ló bí mi nínú. Ká ní wọ́n dákẹ́ lé e, ǹ bá ní ó bọ́ lẹ́nu wọn ni. Ṣùgbọ́n òwe náà jẹ́ ká mọ̀ pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn ni wọ́n ń dá lẹ́bi, -kú- ni wọ́n sì fi gbé ẹ̀bi náà kọ́ ọ lọ́rùn.

Ẹ gbé -kú- náà yẹ̀ wò. Ìsọkúsọ, ìjẹkújẹ, ìṣekúṣe, ìwọkúwọ. Ta ló gbọ́ ọ̀kan nínú wọn rí tí kò wojú ẹni tó ṣe é? Ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìjánu. Ẹni tó wọ ìwọkúwọ, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí kó tó jáde. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ pe "ọkọ̀" tó pe "ọkọ", àṣìpè ló ṣe. Àṣìsọ wà, àṣìgbọ́ wà, àṣìkọ wà, àṣìlò wà. Ẹni tó ń ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, tí ọwọ́ rẹ̀ wá tàsé, -ṣì- ni àwọn baba wa yà sọ́tọ̀ fún un. Kí ló wá dé tí a kò lè pe ti bàálù ní "àṣìbalẹ̀"?

Ẹ̀gbọ́n ní -kú- yìí àti -kí- inú "ìgbàkígbà" ọmọ ìyá ni wọ́n, pé "èyíkéyìí" lásán ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè jẹ́ ọmọ ìyá, ìwà wọn kò bára mu. "Ìgbàkígbà tí ẹ bá dé" kò bú ìgbà kankan. Ẹ lọ bá ìyá olóúnjẹ ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, kí ẹ sọ fún un pé ìsèkúsè ló ń sè, kí ẹ tó máa ṣàlàyé gírámà fún un. Ẹni tó sì kọ̀wé pé inú "ikú" ni -kú- ti wá, nítorí pé bàálù lè pani, mo bẹ̀ ẹ́, kó má ṣe kọ́ ọmọ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Ikú wo ló wà nínú ìwọkúwọ?

Ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo bí nǹkan ọ̀hún ṣe rí. Bí bàálù kékeré bá ń bọ̀ nílẹ̀, awakọ̀ á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Nígbà tó bá ti fẹ́ kan ilẹ̀, á rọra gbé imú rẹ̀ sókè, kí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn méjì tó nípọn lè ṣáájú kan ilẹ̀. Bó bá pẹ́ jù kó tó gbé imú, kẹ̀kẹ́ iwájú tó tín-ín-rín ni yóò gbá ilẹ̀, bàálù á ta sókè bíi bọ́ọ̀lù, á tún kanlẹ̀, á tún ta. Bí awakọ̀ bá wá ń lé e sókè sódò, ẹsẹ̀ iwájú ń kán nìyẹn, abẹ́bẹ̀ tó ń yí ní imú rẹ̀ á gbá ilẹ̀. Bó bá sì yá a jù, tó gbé imú nígbà tí ilẹ̀ ṣì jìnnà, eré á tán lára bàálù, apá rẹ̀ kò ní lè gbé e mọ́, á jókòó gbì. Atẹ́gùn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ tún wà níbẹ̀. Èyí tí kẹ̀kẹ́ kékeré rẹ̀ wà lábẹ́ ìrù ní wàhálà tirẹ̀: ẹ̀yìn àwọn kẹ̀kẹ́ ńlá ni ìwúwo rẹ̀ wà, bó bá yà pẹ́nrẹ́n lórí ilẹ̀, ìrù á fẹ́ ṣáájú orí, gbogbo rẹ̀ á fi òòyì yí. Àwọn abarapá tí ẹsẹ̀ wọn pé ń kó sí gbogbo èyí káàkiri ayé. Ìgbà tí bàálù kékeré bá ń balẹ̀ ni jàǹbá rẹ̀ wọ́pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a lọ ló sì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ẹ̀bi ta ni ká wá fi -kú- dì? Òwe wo tilẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń wá kiri tí "adìyẹ bà lókùn" fi wà nílẹ̀? Ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ẹ̀gbọ́n á ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ìtọ́kọ̀ tó wà ní ìrù, èyí tó ń yí imú bàálù sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ọ̀pọ̀ bàálù kékeré. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe ọ̀pá irin tí wọ́n ń so mọ́ pẹ́dàlì, tí awakọ̀ á máa fi ọwọ́ tì, tí á máa fi ọwọ́ fà. Bàálù tí kò ní pẹ́dàlì ìtọ́kọ̀ rárá tilẹ̀ wà. Ercoupe ni wọ́n ń pè é, Fred Weick ló ṣe é ní Amẹ́ríkà kí ogun àgbáyé kejì tó délẹ̀: ohun tí awakọ̀ ń yí níwájú rẹ̀ ló ń darí apá àti ìtọ́kọ̀ pọ̀. Òun ni Jessica Cox ń wà, obìnrin ará Arizona tí wọ́n bí láìní apá méjèèjì. Ẹsẹ̀ ló fi ń wà á, ó sì gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfúrufú ní 2008. Ọwọ́ ni ti ọkùnrin inú ìròyìn wa, ẹsẹ̀ ni ti obìnrin yìí. Amúkùn-ún wo lẹ fẹ́ bi léèrè?

Ẹ wo Douglas Bader náà, ọmọ ogun òfúrufú Ìlú Ọba. Ní oṣù Kejìlá 1931, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé nígbà tó ń fi bàálù dárà nítòsí ilẹ̀ ní Woodley. Etí apá bàálù gbálẹ̀, ó fọ́, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ irin ló fi padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1939, tó fi ja ogun lójú ọ̀run. Nígbà tó bẹ́ kúrò nínú bàálù lókè ilẹ̀ Faransé ní 1941, ẹsẹ̀ irin kan há, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, àwọn ará Jámánì sì gbà kí wọ́n ju òmíràn sílẹ̀ fún un láti òkè. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1982, wọ́n dá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tí ara wọn kò pé ní bàálù wíwà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ló fi bàálù gbálẹ̀. Níbo ló ti wọ́ wá?

Bàbá télọ̀ kan wà ní Arákàlẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti kékeré. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì, ọlọ́wọ́ ni tirẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, òsì ń ti aṣọ, òwú wà láàárín eyín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń rán aṣọ ọdún. Bí ọrùn bùbá bá fún jù, ohun tí ìyá mi ń wí ni pé, "Bàbá ṣì í gé," á ká a, á ní kí n gbé e padà lọ. N kò gbọ́ "ìránkúrán" lẹ́nu rẹ̀, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yẹn. Wọn kò rí ìwé gírámà rí. Wọ́n gbọ́ èdè ni.

Ti "aláàbọ̀ ara", mo mọ̀ pé rédíò ń lò ó. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ara tí a bá ti pè ní àbọ̀, ìgbà wo ni yóò di odindi? Bí ọ̀rọ̀ kò bá kan ẹsẹ̀, awakọ̀ ni kí a pe ọkùnrin náà. Bó bá kàn án, ká sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́.

Ẹni wa ní Oǹdó ní ká pe gbogbo rẹ̀ ní "ìjábọ́". N kò gbà. Ohun tó wà lókè ló ń jábọ́. Gbogbo ìpínlẹ̀ wa mọ ìjábọ́: ní 3 oṣù Kẹwàá 2013, bàálù tó ń gbé òkú Gómìnà àná, Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágú, bọ̀ ní Àkúrẹ́ já bọ́ ní Èkó, bó ṣe ń gbéra gẹ́rẹ́. Ẹ má fi orúkọ ìyẹn pe bàálù tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kán lórí títì. Wọ́n tún ní "àṣìbalẹ̀" lè jẹ́ ti bàálù tó ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ tó balẹ̀ sí Benin. Ìyẹn ṣìnà ni, ó ti ní orúkọ tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rán wa létí pé àwọn ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ọ̀pọ̀ wa tó mọ ìwé. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Èmi náà kọ́ni ní Yorùbá ní Àkúrẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, pé a sì ń pe ilé ní "ulé" níbí kò sọ wá di àjèjì sí èdè baba wa, gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan ṣe fẹ́ kó dà bíi.

Kí ẹ̀gbọ́n mú ẹyọ ọ̀rọ̀ -kú- kan wá, tí a fà jáde lára ọ̀rọ̀-ìṣe, tí kò bú ẹni tó ṣe é. Títí di ìgbà náà, mo bẹ alábòójútó kó má kọ "ìbalẹ̀kúbalẹ̀" sínú àkójọ náà. Ti "ìbàlẹ̀" tí ẹni wa ní Oǹdó ń kọ, tó kọ̀ láti gbà pé ohùn "bà" ń gòkè sí àárín bó bá ti pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ, bíi "rà" nínú "ra ẹran", màá kọ ìyẹn lọ́tọ̀, nítorí kò tíì tán láàárín àwa méjèèjì.