Asà oòrùn àbí amutànṣán?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ ní ká máa pe sọ́ńskríìn, ìpara tá a fi ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, ní "asà oòrùn" torí ṣe ló ń dá oòrùn padà. Ó dùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ mi ò gbà, kì í ṣe iṣẹ́ tí ìpara yẹn ń ṣe nìyẹn.

Wọ́n ní kámẹ́rà kan tó ń rí UV, ìtànṣán oòrùn tójú wa ò rí. Tí wọ́n bá fi wo ẹni tó para, ibi tí ìpara dé á dúdú pátápátá, ibi tọ́wọ́ fò, bí ẹ̀yìn etí àti igun ojú, á mọ́ jù ú lọ. Tó bá jẹ́ pé ó ń dá a padà ni, ṣebí funfun ló yẹ ká rí? Ó ń mu ún ni, á sì sọ ọ́ di ooru. Kódà zinc oxide àti titanium dioxide, èròjà inú àwọn ìpara kan tí gbogbo ayé ń sọ pé ṣe ni wọ́n ń dá UV padà, èyí tí wọ́n ń mu ló pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń dá padà ò tó nǹkan. (Lára àwa dúdú kò ní hàn tó bẹ́ẹ̀, torí mẹ́láníìnì, èròjà tó ń mú awọ wa dúdú, náà ń mu UV, ìdí nìyẹn táwọn àfín fi nílò ìpara yìí jù wá lọ.)

Ẹni tó bá ti dúró ti aláró l'Óṣogbo á ti gbọ́ "aṣọ yìí ò mu aró." Mu yẹn náà ni mo yá: a-mu-ìtànṣán, amutànṣán. Bọ̀dá tó mú "afatànṣán" wá, ẹ má bínú, fífà ò ṣe é, ẹni tó ń fa oòrùn sára ló jọ létí mi. Wàhálà tèmi ni pé ẹni tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lè kà á sí mímú, ìyẹn náà ò kúkú burú.

Ti Raman spectroscopy ńkọ́, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ìmọ́lẹ̀ dá èròjà mọ̀, tẹ́nì kan pè ní "ìwo-inú-ara"? Rárá o, ìyẹn á jọ ti X-ray. Wọ́n á tan lésà sára, díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn á padà wá pẹ̀lú àwọ̀ tó ti yí, èròjà kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń yí i, ohun tí C. V. Raman, onímọ̀ físíìsì ará Íńdíà, rí ní 1928 nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ibi tí ìpara wọlé dé láì gé awọ ẹnikẹ́ni. "Ìdámọ̀ onímọ́lẹ̀" tó fún mi.

SPF, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpara ṣe ń dáàbò boni tó ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre, báwọn tó ń tà á l'Ọjà Ọba ṣe ń pè é náà nìyẹn.