Ìkọ̀wésábẹ́? Èmi ò gbà o: lórí ọ̀rọ̀ báǹkì, ayáwó àti àwìn

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa. Mo ti ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Èkó fi sórí àpérò wa yìí, èyí tí wọ́n ṣe láti inú ọ̀kan nínú àwọn ìròyìn tí àjọ kan tó ń bójú tó báǹkì ní Amẹ́ríkà, Office of the Comptroller of the Currency, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1995, lórí bóyá àwọn báǹkì ń dẹwọ́ ni àbí wọ́n ń mú un le tí àwọn oníṣòwò bá wá yáwó. Iṣẹ́ náà ò rọrùn, mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n "ìkọ̀wésábẹ́" tí wọ́n pe underwriting (iṣẹ́ tí báǹkì ń ṣe láti mọ̀ bóyá ẹni tó wá yáwó yẹ lẹ́ni à ń yá lówó), àti "ewu ìyáwó" tí wọ́n pe credit risk (ewu pé owó tí báǹkì yá ènìyàn lè má padà wálé), èmi ò lè gbé e mì, ó ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti kà á.

Ẹ jẹ́ n mú ìkọ̀wésábẹ́ ná. Ìkọ̀wé, ó dáa. Sábẹ́ ńkọ́? Sábẹ́ kí ni? Tí mo bá sọ fún ìyá tó ń ra kòkó ní Ìdànrè pé kó lọ ṣe ìkọ̀wésábẹ́ ní báǹkì, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ kó kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé. Ìyẹn ni ìbuwọ́lùwé, a ti ní in tipẹ́, ohun tó sì ń kẹ́yìn pátápátá ni. Iṣẹ́ tí Òyìnbó ń pè ní underwriting á ti parí kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò.

Òyìnbó ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lápá ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ilé kọfí Edward Lloyd làwọn oníṣòwò ọkọ̀ òkun ti máa ń pàdé, ẹni tó bá gbà láti ru lára ewu ọkọ̀ kan tó fẹ́ ṣíkọ̀ á kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ ìwé àdéhùn náà, á kọ iye tó lè dá sí i. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn báǹkì. Ìtàn tiwọn nìyẹn, a ò sí níbẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, kì í ṣe ilé onílé.

Mo jókòó sídìí tábìlì ẹ̀yáwó ní báǹkì kan ní Alágbàká níbí ní Àkúrẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà kì í ṣe inú ìwé ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Tí fáìlì bá dé iwájú wa, a ò kọ nǹkan kan sábẹ́ nǹkan kan. À ń wo ẹni náà ni. Irú ìwà wo ló ní, ṣé àwọn tó ti yá a lówó rí ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa, èló ló ń wọlé sínú àkáǹtì ẹ̀ lóṣooṣù, ṣé owó tó ń wọlé yẹn á ka gbèsè tó fẹ́ jẹ, èló lòun fúnra ẹ̀ ti fi sínú òwò náà, ohun ìní wo ló fẹ́ fi dúró tí ò bá rí owó san, báwo sì lọjà ṣe rí lásìkò yẹn. Wíwò ni gbogbo ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní "àyẹ̀wò ayáwó", kí underwriting standards sì jẹ́ "ìlànà àyẹ̀wò ayáwó". Ọmọ ilé ìwé gíga á yé e, ìyá ọlọ́jà náà á yé e.

Olùkọ́ wa ní Oǹdó ti dá mi lóhùn pé "àyẹ̀wò ẹ̀yáwó" ló tọ̀nà. Sà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní gírámà kí púpọ̀ nínú wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ mọ́fíìmù (ègé ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ tiẹ̀), àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún mọ́fíìmù àkọ́kọ́ yẹn wò. Ẹ̀yáwó ni owó náà, ayáwó ni ẹni tó wá gbà á. Owó ò níwà. Náírà tí mo fún Lágbájá ò yàtọ̀ sí èyí tí mo fún Tàmẹ̀dò, ọwọ́ tó fẹ́ bọ́ sí ló yàtọ̀, òun la sì ń yẹ̀ wò. Tí ẹ bá ní ilé-iṣẹ́ ló ń yáwó níbí kì í ṣe ènìyàn, ṣebí a ń pe ilé-iṣẹ́ ní oníbàárà, a ń pè é ní ajigbèsè, kí ló dé tí ò lè jẹ́ ayáwó?

Ó kan "ewu ìyáwó". Ìyáwó, ìyàwó. Lórí ìwé tó lámì, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń tẹ̀wé lórí fóònù, mélòó nínú wọn ló ń fi àmì sí i, "ewu iyawo" ni wọ́n máa kọ, ẹni tó bá kà á á rò pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya là ń sọ. Ohùn nìkan kọ́ lẹjọ́ mi ṣá. Ẹjọ́ mi ni pé ewu ta ni? "Mo yá owó", èmi ni mo gbà á. "Mo yá a lówó", èmi ni mo fún un. Tí ẹ bá wá mú "yá owó" tí ẹ lẹ "ì" mọ́ ọn níwájú, apá gbígbà nìkan ló ṣẹ́kù, "lówó" tó ń fi ẹni tó fúnni hàn ti bọ́ dànù. Ewu ìyáwó wá di ewu ẹni tó lọ gba owó. Ewu yẹn wà lóòótọ́, òun ló ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di ìwọ̀fà láyé àtijọ́. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí ìròyìn Amẹ́ríkà yẹn ń sọ nìyẹn, ewu ẹni tó yọ owó sílẹ̀ ni wọ́n ń sọ, pé kí owó má padà wálé.

Àǹtí wa kan láti Iléṣà ní ká kúkú pè é ní "ewu àìsan". Ìtumọ̀ ẹ̀ dáa ju ti ẹ̀gbọ́n lọ, àmọ́ ohùn tún ti dá a, àìsan àti àìsàn, wọ́n á ní báǹkì ń ṣòjòjò. Ẹni tó ní ká kàn kọ ọ́ ní "rísìkì" náà, Àlàájà ti dá a lóhùn dáadáa pé létí tòun, àrísìkí nìyẹn, oore tí Ọlọ́run fúnni. A ò lè fi orúkọ oore pe òfò.

Èmi ní "ewu àwìn". Ìyá àgbà mi ta aṣọ ní Ọjà Ọba níbí, kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé àwìn ló ń pa ọjà, gbogbo oníṣòwò tó wà níwájú ẹ̀ ló sì mọ ohun tó ń sọ, pé ọjà ti lọ, owó ò tíì dé, ó sì ṣeé ṣe kó má dé mọ́. Ẹ wo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, "ko si awin loni". Ṣé a wá ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn kiri ni?

Ni wọ́n bá ní ọjà ni wọ́n ń tà láwìn, pé owó ò ṣe é tà láwìn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni báǹkì ń tà gan-an? Owó lọjà wọn, èlé lèrè. Ibi tí ìjà wá le sí ni ibi tí mo ti so àwìn pọ̀ mọ́ wín: ẹnì kan láti Ọ̀yọ́ ní àwìn ò bá wín tan rárá, pé ohùn òkè ló wà lórí wín, ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí àwìn, pé ẹni tó bá ń so wọ́n pọ̀ kò gbọ́ èdè. Ó tún fi kún un pé àwa tí ń pe ilé ní "ulé" kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa kọ́ ẹlòmíì ní ohùn. Èyí dùn mí. Yorùbá ìwé ò ju ẹ̀ka èdè kan lọ tí wọ́n gbé sórí àga, àwọn àgbà Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti ń yá, wọ́n ti ń wín, wọ́n ti ń sìn gbèsè kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀wé gírámà. Àwọn náà ni wọ́n kọ́ mi pé ọkọ́ la ń yá, iyọ̀ la ń wín: ohun tó máa padà wá bó ṣe lọ la ń yá, ohun tí wọ́n máa ná tàbí jẹ tán, tí wọ́n á fi irú ẹ̀ dípò, la ń wín. Owó, ṣé náírà tí mo kó fún ọ gan-an lo máa kó padà fún mi? Wín ló yẹ owó. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó sọ ohun tí wọ́n ń sọ nílé tiẹ̀.

Òwe náà sì wà tó pín wa sí méjì: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí ò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Olùkọ́ ní "yá" ló wà nínú ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ mi ti wó. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nílé wa, "wín" ni. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ wo ohun tó wà nínú òwe yẹn, gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè ń ṣe ni, èyí tí òfin 2017 wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Nọ́ńbà BVN tí báǹkì fi ń dá oníbàárà kọ̀ọ̀kan mọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ló jẹ́ kó rọrùn láti rí ẹni tó jẹ báǹkì kan tó tún fẹ́ lọ jẹ òmíràn. Igi tó bẹ́ dínà ti wá wà nínú kọ̀ǹpútà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni "ìháwọ́" tí wọ́n lò fún ìgbà tí báǹkì mú ìlànà le. Ahun ló ń háwọ́! Ẹni tó mú ìlànà le kì í ṣe ahun, ó lè ní owó jaburata kó sì fẹ́ yá ènìyàn, àwọn tó máa gba ẹnu ọ̀nà kọjá ló ń ṣà. "Fífún" tí ẹlòmíì mú wá tún burú jù, torí "báǹkì fún wọn" lè jẹ́ pé ó fún wọn lówó, ó sì lè jẹ́ pé ó fún wọn lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká lo "mú le" àti "dẹwọ́", ó tán.

Ẹ má sì fi ìlànà pọ̀ mọ́ èlé, nítorí ìtumọ̀ ẹ̀gbọ́n lò wọ́n bí ẹni pé nǹkan kan náà ni. Federal Reserve, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tó ń bi àwọn ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀yáwó ní báǹkì léèrè ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta máa ń béèrè wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìlànà ni ta ló lè rí owó gbà, àdéhùn ni èló lo máa san lórí ẹ̀ àti kí lo máa fi dúró. Nílé níbí, èlé ìpìlẹ̀ tí CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ń gbé kalẹ̀ kúrò ní 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù karùn-ún 2022, ó di 27.5 lóṣù kọkànlá 2024. Owó ti wọ́n gan-an, ìyẹn nìkan ò sọ fún wa pé ìlànà le. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, CBN pàṣẹ fáwọn báǹkì pé kí ẹ̀yáwó tí wọ́n ń fúnni tó 65 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń tì wọ́n kí wọ́n dẹwọ́ ni, kó tó di pé wọ́n bù ú kù sí 50 ní 2024.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí dẹwọ́ lè fà kó rántí 2005 tí àwọn báǹkì dín kù láti 89 sí 25 nítorí CBN ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà. Owó kún ọwọ́ wọn, wọ́n ń yá ènìyàn lówó láti fi ra ìpín ìdókòwò, àyẹ̀wò dohun ẹ̀yìn, ọjà ìpín náà sì ṣubú ní 2008. Nígbà tó fi máa di 2009, Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà CBN nígbà náà, yọ àwọn ọ̀gá báǹkì mẹ́jọ nípò, CBN da bílíọ̀nù 620 náírà sínú àwọn báǹkì kí wọ́n má bàa kú, AMCON, àjọ ìjọba kan, wá ṣẹ̀ ní 2010 láti kó àwọn gbèsè tó ti bàjẹ́. Àìyẹ ayáwó wò ló bí gbogbo ìyẹn, kì í ṣe àìkọ̀wé sábẹ́ ohunkóhun.

Fún ohun tí wọ́n fi dúró, ẹ dákun ẹ jẹ́ ká gba "ògò" padà lọ́wọ́ ìgbàgbé. Ó wà nínú Bíbélì, Deutarónómì 24:6, pé kí ẹnikẹ́ni má gba ọlọ ẹlòmíì ní ògò nítorí ẹ̀mí ẹni náà ló gbà yẹn. Àwọn àgbà ń sọ pé olówó "dógò tì" ajigbèsè, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ tí kò dìde. Ẹ kàn ṣọ́ ohùn kó má di ògo. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, torí oko kòkó ẹbí ló pọ̀ lọ́wọ́ wa, òfin ilẹ̀ 1978 sì ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ní C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba) tó lè di ògò ní báǹkì, oko tí ò ní C of O wá di ohun tí báǹkì ń wò tó ń mirí. Òfin 2017 mìíràn wà tó gba ẹ̀rọ àti ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí láyè kí wọ́n jẹ́ ògò, mélòó nínú àwọn tó ń ra kòkó ló mọ̀? Tí kòkó tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí bá sì ni ògò, ẹ rántí pé tọ́ọ̀nù kan lé ní 12,000 dọ́là lóṣù kejìlá 2024, kí 2025 tó parí ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ewu ọjà nìyẹn, ọmọlúàbí ayáwó náà lè jìn sí i, kí ẹ̀gbọ́n má sì kó o sínú ewu àwìn.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn fẹ́ fi ìtumọ̀ náà ránṣẹ́ láìpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kó tó lọ, ẹ yọ ìkọ̀wésábẹ́ kúrò, ẹ yọ ìháwọ́ kúrò. Ti wín àti àwìn, mi ò tíì gbà fún ará Ọ̀yọ́ o, àwọn àgbà Ìdànrè ni mo fẹ́ lọ bi, mo máa mú èsì wọn wá síbí.